Ta ni Scheie tó wà lórí káàdì ojú Dádì?

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, gbogbo WhatsApp ẹbí wa gbaná. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Mókọ́lá, ti ń kán oògùn sójú látọdún mẹ́ta nítorí glaucoma. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọsibítù torí pé ti tẹ́lẹ̀ jìnnà sílé, nígbà tí wọ́n dé, ọmọ wọn obìnrin ya káàdì ti tẹ́lẹ̀ àti ti tuntun ní fọ́tò, ó jù wọ́n sórí gúrúùpù. Ti tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ "Scheie I" síbẹ̀. Ti tuntun, "Shaffer 3". Kíá, ẹnì kan ti ní ojú Dádì ti bàjẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, ẹlòmíì ní kí wọ́n jáwọ́ nínú oògùn tí ò ṣiṣẹ́ yẹn, àǹtí mi kan sì ti ń wá ẹni tó máa bá wọn gba omi àdúrà wá láti orí òkè.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n má bàa pa yín láyà: ohun kan náà ni káàdì méjèèjì ń sọ. Orúkọ èèyàn ni Scheie, orúkọ èèyàn ni Shaffer, dókítà ojú làwọn méjèèjì, ọmọ Amẹ́ríkà, oníkálukú ló sì ní bó ṣe ń ka nọ́ńbà tiẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe Scheie yẹn pàápàá rọrùn ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ, ẹ sáà pè é ní "Ṣé", bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀.

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ o. Wàhálà ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n lọ kàwé nípa ẹ̀, mo wá rí i pé ìtàn ọkùnrin yẹn dùn ju àríyànjiyàn wa lọ.

Kí ni glaucoma yẹn gan-an?

Omi kan wà nínú ẹyinjú tí kì í ṣe omijé. Omijé, ìta ló wà. Èyí tí mò ń sọ, inú lọ́hùn-ún ni ojú ti ń ṣe é, tọ̀sán tòru, kì í sinmi, òun ló ń bọ́ àwọn ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé níwájú ojú, òun náà ni ò jẹ́ kí ẹyinjú rọ̀ jọ̀ọ̀rọ̀ bíi bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ti yọ lára ẹ̀. Tó bá ti ṣiṣẹ́ tán, ó ní ibi tó ń gbà jáde lọ bá ẹ̀jẹ̀.

Ẹ rò ó bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣí sínú àgbá tó bò pinpin, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè ti ẹ̀rọ yẹn pa. Tí ihò tí omi ń gbà jáde bá là dáadáa, kò séwu. Tó bá dí, omi ò ríbi dà sí, ńṣe láá máa ti ara àgbá yẹn yíká. Ẹ̀yìn ló sì máa ń gba ìyà ẹ̀ jù, níbi tí okùn iṣan tó ń gbé ohun tójú rí lọ sí ọpọlọ ti jáde. Okùn yẹn á máa kú díẹ̀díẹ̀, ikú yẹn la ń pè ní glaucoma. Ìfúnpá inú ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wà láàárín 10 sí 21, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn nìkan o, torí àwọn kan wà tí tiwọn ò ga rárá tí okùn wọn ṣì ń kú.

Irú èyí tó wọ́pọ̀ kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, àárín á ṣì mọ́ kedere, èèyàn á ṣì máa ka Bíbélì tàbí Kùránì ẹ̀ láìsí wàhálà, àmọ́ á máa fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, á máa sọ pé ta ló gbé àga síbí. Ibi tó bá ti kú nínú okùn yẹn kì í jí mọ́. Oògùn tí Dádì ń kán, èyí tó kù ló ń ṣọ́, kì í dá èyí tó ti lọ padà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn.

Igun wo ni dókítà ń wò?

Iwájú ẹyinjú ní ohun kan bíi dígí, tó mọ́ gaara. Lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọ̀ dúdú tàbí búráùn tí gbogbo èèyàn máa ń rí, ẹ kà á sí kọ́tìnnì tó ní ihò láàárín. Ibi tí kọ́tìnnì yẹn ti pàdé dígí, yíká yíká, igun kan wà níbẹ̀, inú igun yẹn gan-an ni asẹ́ tí omi ń gbà jáde wà. Ó wẹ́ ju asẹ́ ògì lọ fíìfíì, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ asẹ́ yẹn lè gbà bàjẹ́. Kọ́tìnnì lè fẹ̀ síwájú kó bo asẹ́ mọ́lẹ̀, ìyẹn ni pé igun ti pa dé. Tàbí kí igun là sílẹ̀ gbayawu, kí ohunkóhun má bo asẹ́, àmọ́ kí ojú asẹ́ fúnra ẹ̀ ti dí, bíi asẹ́ ògì tí wọn ò fọ̀ tí èérí ti gbẹ mọ́ lára. Irú kejì yìí ló pọ̀ jù láàárín àwa èèyàn dúdú, òun náà ló ń bá Dádì jà.

Dókítà ò lè kàn wojú èèyàn kó rí igun yẹn, ó fara pa mọ́ sí kọ̀rọ̀. Wọ́n á kán oògùn tí ò ní jẹ́ kí ojú mọ ìrora, wọ́n á wá gbé gíláàsì kékeré kan tó ní jígí nínú lé orí ẹyinjú, jígí yẹn láá máa fi ẹ̀gbẹ́ hàn wọ́n bí ti awakọ̀ ṣe ń fi ẹ̀yìn hàn án. Dádì ní kò dùn wọ́n, pé ó kàn dà bí ẹni pé wọ́n fi ìdérí ìgò dé àwọn lójú ni.

Kí ló dé tí nọ́ńbà méjèèjì fi yàtọ̀?

Ní 1957, Scheie gbé àkàbà kan kalẹ̀ tí dókítà á fi máa sọ bí igun ojú èèyàn ṣe rí. Ohun tí wọn ò rí mọ́ ló ń kà. Tí gbogbo igun bá hàn kedere, òdo ni. Tó bá fún díẹ̀, I. Bó ṣe ń sé sí i ni nọ́ńbà ń gòkè, tó bá dé IV, kò sí nǹkan kan tó hàn níbẹ̀ mọ́, igun ti pa dé.

Shaffer ní tiẹ̀, ní San Francisco, bí igun ṣe fẹ̀ tó ló ń kà. 4 lèyí tó là jù. Òdo lèyí tó pa dé.

Ẹ ti rí wàhálà tó wà níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí fóònù kan bá ń sọ dátà tẹ́ ẹ ti lò fún yín, tí èkejì ń sọ èyí tó kù. Tẹ́ ẹ bá ra gíìgì mẹ́rin tẹ́ ẹ lo ẹyọ kan, àkọ́kọ́ á ní 1, èkejì á ní 3, dátà kan náà kọ́ ni? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Scheie I àti Shaffer 3 ṣe jọ wà nípò kan náà: igun tó là, tó kàn fún díẹ̀. Kò sí ohun tó lọ́po mẹ́ta.

Nọ́ńbà igun yìí ò sì sọ iye ìfúnpá ojú o, kò sọ bóyá okùn ẹ̀yìn ń kú tàbí kò kú. Igun lè dára bíi ti Dádì kí asẹ́ máa dí lọ lábẹ́nú. Èmi ò rí ìdí tí wọn ò fi yan àkàbà kan ṣoṣo kí gbogbo ayé jọ máa gùn ún, àmọ́ àwọn dókítà ní kò da àwọn láàmú, àwọn mọ èyí tí àwọn ń lò. Ó dáa, àwa tá a ń gbé káàdì yẹn lọ sílé ńkọ́?

Ibo ni Scheie ti wá?

Harold Glendon Scheie ni orúkọ ẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, orúkọ àwọn ará Norway ni Scheie yẹn. Wọ́n bí i ní 1909 ní ìpínlẹ̀ South Dakota, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Warwick ní North Dakota ló sì dàgbà sí. Tí mo bá ní kékeré, mo mọ ohun tí mò ń sọ, nígbà tí wọ́n ka èèyàn níbẹ̀ ní 2010, wọn ò tó 100. Ilé ẹyọ kan tó kún láàárín ọjà Bódìjà lè jù wọ́n lọ.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni gbogbo apá ibẹ̀ yẹn, koríko àti oko àlìkámà tó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, igi ò pọ̀, òkè ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí, ẹ lè rí ẹni tó ń bọ̀ ní bíi wákàtí kan kó tó dé. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ṣakí kọjá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kó rò ó bẹ́ẹ̀, kó wá yọ gbogbo òkúta àti òkè ibẹ̀ kúrò, kó da yìnyín lé e lórí fún bí oṣù márùn-ún. Ibi tí ọmọ àgbẹ̀ ti ń wojú ọjọ́ kó tó wo ìwé nìyẹn.

Ó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní yunifásítì Minnesota, ó parí ní 1935, ó wá kọjá sí Philadelphia, ní yunifásítì Pennsylvania, ibẹ̀ ló wà títí iṣẹ́ fi parí. Ọ̀gá ẹ̀ níbẹ̀ ni Francis Adler, òun ló sì gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ẹ̀ka ojú ní 1960. Ní 1972 wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ojú kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, Scheie Eye Institute. Ó kú ní 1990.

Báwo ni ogun Bọ́mà ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Apá yìí ni mo gbádùn jù. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn dókítà yunifásítì Pennsylvania kó ara wọn jọ di ọsibítù ológun kan, wọ́n pè é ní 20th General Hospital, wọ́n sì kó wọn lọ sí Assam ní Íńdíà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Bọ́mà. Scheie wà lára wọn. Inú ẹrẹ̀ àti òjò àti ẹ̀fọn ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà.

Ní oṣù kẹta 1944, Mountbatten, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun tó ń bá Jàpáánù jà ní apá ibẹ̀, tó tún bá ọba Gẹ̀ẹ́sì tan, fúnra ẹ̀ ló ń wa jíìpù, ó ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan bọ̀. Táyà gun orí oparun kan, oparun yẹn ta padà, ó gbá a lójú. Èèyàn tó ti la ọta já, oparun ló fẹ́ fọ́ ọ lójú! Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Scheie. Wọ́n di ojú ẹ̀ méjèèjì pa fún ọjọ́ mélòó kan, èyí tó dáa àti èyí tó fara pa, torí pé tẹ́ ẹ bá ṣí ẹyọ kan sílẹ̀, bó ṣe ń yí ni èkejì á máa yí tẹ̀ lé e, egbò ò sì ní lè sinmi. Ẹ wo ọ̀gá ogun odindi, tó sùn sílẹ̀ lókùnkùn bí afọ́jú, nígbà tí ìjà ń gbóná. Ojú yẹn ò fọ́. Mountbatten padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ogun tí mò ń sọ yìí, ogun tí àwọn bàbá wa lọ ni. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀ka 81 àti 82, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, abẹ́ Mountbatten yẹn ni wọ́n wà, lọ́dún 1944 kan náà ẹ̀ka 81 wà nínú igbó Kaladan ní Bọ́mà, wọ́n ń fi orí ru ẹrù gba ibi tí mọ́tò ò lè gbà. Ẹni tí bàbá bàbá ẹ̀ jẹ́ sójà Bọ́mà, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ orúkọ Mountbatten nínú ilé, kó má sì mọ̀ pé ọmọ àgbẹ̀ láti Warwick ló gba ojú ẹ̀ là.

Kí ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè?

Ní 1958, ó kọ̀wé lórí ọ̀nà kan tí wọ́n lè gbà lu ihò tuntun fún omi ojú nígbà tí asẹ́ bá ti dí tí oògùn ò sì ká a mọ́. Ìṣòro irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ni pé ara èèyàn fẹ́ràn láti máa pa egbò dé. Ẹ lu ihò lónìí, tó bá máa fi dọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti jinná pa dé, omi ò tún ríbi gbà mọ́.

Ohun tí Scheie kíyè sí ni pé tí wọ́n bá fi irin gbígbóná kékeré jó etí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, etí yẹn á súnkì, á ya sọ́tọ̀, kò ní tètè pa dé. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jó o tẹ́lẹ̀, òun wá rí i pé jíjó yẹn gan-an lè di oògùn. Ẹni tó bá ti sun awọ ẹran ponmọ́ rí mọ bó ṣe máa ń ká sẹ́yìn níbi tí iná bá ti kàn án. Omi á wá máa rọra sẹ́ jáde lábẹ́ awọ tín-ín-rín tó bo funfun ojú, ara á máa fà á mu.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ àǹfààní ẹ̀. Àmọ́ àléébù wà níbẹ̀, omi lè jò jù, kí ojú rọ̀ jù bó ṣe yẹ, ìyẹn náà burú. Ní 1968, dókítà kan ní Cambridge, John Cairns, ṣe àlàyé ọ̀nà tí wọ́n fi máa ń fi ìdérí kékeré sí orí ihò náà, kí omi má bàa ya jáde lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ṣì wà lára èyí tí wọ́n ń ṣe jù títí dòní. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ glaucoma fún un, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ti Scheie mọ́, ọmọ lẹ́yìn ẹ̀ ni.

Àwọn ọmọdé tí wọ́n bí pẹ̀lú cataract, ìyẹn nígbà tí lẹ́ńsì inú ojú tó yẹ kó mọ́ gaara bá funfun, náà jẹ nínú ọgbọ́n ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún lẹ́ńsì tó funfun nínú ojú ọmọ, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ara fà á mu, wọ́n á tún pè é padà gún un, ìgbà mìíì ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́ńsì ọmọdé rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ò tíì dì. Scheie ní tó bá rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tá ò fa á jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ní 1960 ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè fi abẹ́rẹ́ oníhò àti sírínjì fà á jáde. Àkókò tó dín kù yẹn ṣe pàtàkì, torí ọpọlọ ọmọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ríran ni, tí ojú bá pẹ́ jù lókùnkùn, ẹ̀kọ́ yẹn á kọjá ẹ̀.

Àrùn Scheie ńkọ́, ṣé òun náà ni glaucoma?

Rárá. Èyí gan-an ló máa ń dàrú mọ́ ẹni tó bá lọ tẹ orúkọ yẹn sí Google, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí àgbàlagbà tí ò ní nǹkan tó kàn án níbẹ̀.

Ara wa máa ń ṣe ìdọ̀tí nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, ó sì ní ohun tó máa fi ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kó lè kó o dànù. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí láìní ọ̀kan nínú àwọn ohun ìfọ́dọ̀tí yẹn, ìdọ̀tí á wá máa pọ̀ nínú ara wọn. Èyí tó le jù lára ẹ̀, dókítà Gertrud Hurler ló ṣàlàyé ẹ̀ ní Jámánì ní 1919, ọpọlọ ọmọ náà kì í gbádùn, ẹ̀mí wọn kì í sì í gùn. Ní 1962, Scheie àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ̀wé nípa àwọn kan tí dígí iwájú ojú wọn ṣú, oríkèé ọwọ́ wọn le tí ìka ò fi nà tán, àmọ́ tí orí wọn pé pérépéré. Wọ́n wá fi orúkọ ẹ̀ pe ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ń to àwọn àrùn ìdílé yìí, ti Hurler gba nọ́ńbà I, ti Scheie gba V. Gbogbo èèyàn gbà pé àrùn méjì ni. Ní 1970 ni Elizabeth Neufeld, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, àti ẹnì kejì ẹ̀ wá dán nǹkan kan wò. Tí wọ́n bá da sẹ́ẹ̀lì aláìsàn méjì pọ̀, tí ohun tí wọn ò ní bá yàtọ̀, wọ́n á wo ara wọn sàn, bí aládùúgbò tí ò níyọ̀ bá jọ dáná pẹ̀lú ẹni tí ò láta, ọbẹ̀ á dùn. Wọ́n da ti Hurler àti ti Scheie pọ̀. Kò sí àyípadà. Iyọ̀ kan náà làwọn méjèèjì ò ní, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti àkọ́kọ́ ò ní rárá, ti èkejì ṣì ní ín táṣẹ́rẹ́. Wọ́n bá kó ti Scheie wọ abẹ́ nọ́ńbà I. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá ka àwọn àrùn yẹn tẹ̀ léra, ẹ máa fò látorí IV bọ́ sórí VI, kò sẹ́ni tó ń gbé ilé V. Látọdún 2003 ni oògùn kan sì ti wà tí wọ́n máa ń fi fún wọn lára láti rọ́pò ohun tí wọn ò ní.

Kí lẹ máa wá bi dókítà?

Tẹ́ ẹ bá rí Scheie lórí káàdì, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé Scheie lórí kí ni, torí ní 1953 bàbá yìí tún ṣe àkàbà mìíì fún ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá fi ojú ṣe lẹ́yìn, ìyẹn ò kan igun rárá. Tó bá jẹ́ ti igun ni, ẹ rántí pé nọ́ńbà kékeré ló dáa. Tó bá jẹ́ Shaffer, nọ́ńbà ńlá. Lẹ́yìn náà ẹ wá béèrè ìfúnpá ojú, ẹ béèrè báwo ni okùn ẹ̀yìn ṣe wà sí ti ìgbà tó kọjá, ẹ sì mú káàdì àtijọ́ dání, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nù torí pé ẹ ti pààrọ̀ ọsibítù.

Mo pe Dádì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n tún orúkọ ọkùnrin yẹn pè, mo pè é. Ìgbà tí wọ́n máa padà lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí dókítà ń ka nọ́ńbà fún wọn, ọmọ wọn ní wọ́n kàn gbé gíláàsì wọn sókè ni, wọ́n ní: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti Ṣé ni, àbí ti ẹnì kejì?"